Ohun tí Ìgbì Rédíò Rí Nínú Gíláàsì

Ìgbì rédíò tó ń gbé ohùn wá bá yín lórí FM ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 88 sí mílíọ̀nù 108 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí a bá gbé omi díẹ̀ sáàárín òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2.35 tẹ́sílà, tí a sì rán ìgbì tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 100 sí i, kóró tó wà láàárín gbùngbùn àwọn átọ̀mù háídírójìn inú omi náà yóò gba ìgbì ọ̀hún, wọn yóò sì fọhùn padà. Irú ìgbì kan náà ni. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí ẹ fi ń gbọ́ mi. Isidor Rabi ló kọ́kọ́ rí irú ìdáhùn yìí ní 1938, lára àwọn mólékù tó ń fò kọjá nínú òfìfo. Nígbà tó di 1945 sí 1946, ikọ̀ Edward Purcell ní Harvard rí i nínú ohun líle, ikọ̀ Felix Bloch ní Stanford sì rí i nínú omi. Purcell àti Bloch jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń yàwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn ti wá. Èmi kò bá ti ilé ìwòsàn wá lónìí. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ni mo gbé wá, àti ohun tí àwọn mólékù inú rẹ̀ ń ṣe nígbà tí ojú wa rò pé wọ́n ti dákẹ́. Èrò mi ni pé nígbà tí ohun olómi bá ń le di gíláàsì, àwọn mólékù rẹ̀ kì í falẹ̀ bákan náà. Àwọn kan ń yára, àwọn kan ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n sì jọ ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn. NMR, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà ìwádìí yìí, ló fi ẹ̀rí tó ṣe tààrà hàn pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí.

Gíláàsì tí mo ń wí ju ti fèrèsé àti ìgò lọ. Ohunkóhun tó bá kúrò ní ipò olómi tó wá le gan-an, láìjẹ́ pé àwọn mólékù rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, gíláàsì ni lójú àwọn onímọ̀. Súìtì líle tí ọmọdé ń lá, gíláàsì ṣúgà ni. Ọ̀pọ̀ ike líle tó mọ́ gaara jẹ́ gíláàsì. Iyọ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn átọ̀mù rẹ̀ tò ní ìlà àti ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè rẹ̀. Ohun tó ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nípa gíláàsì ni bí ó ṣe ń le. Nígbà tí ohun olómi bá tutù dé ibi tó ti ń di gíláàsì, kíki rẹ̀ á ti tó ìlọ́po bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ti omi tí a ń mu. Mólékù tó jẹ́ pé ìdá bíńtín ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń yí nígbà tó gbóná, yóò wá máa lo nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó yí lẹ́ẹ̀kan péré. Síbẹ̀, bí a bá fi ìtànṣán X-ray yẹ bí àwọn mólékù náà ṣe tò wò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìyàtọ̀ láàárín olómi àti gíláàsì. Ètò wọn kò yí padà, ìrìn wọn ló yí padà kọjá sísọ. Ní 1995, Philip Anderson, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ físíìsì tó ti gba Nobel, kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ gíláàsì jẹ́ ìṣòro tó jinlẹ̀ jù lọ tí a kò tíì yanjú nínú ìmọ̀ ohun líle. Bí ètò kò bá sọ nǹkan fún wa, a jẹ́ pé ìrìn la gbọ́dọ̀ bi léèrè.

Ìrìn náà ní àmì kan tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Bí gbogbo mólékù bá ń yí pẹ̀lú ìyára kan náà, ìdajì wọn á ti yí láàárín àkókò kan, ìdajì àwọn tó ṣẹ́kù á yí láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí. Nínú ohun tó ń di gíláàsì, kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á yá, ìparí rẹ̀ á sì máa fà bí ohun tí kò ní tán. Rudolf Kohlrausch ti rí irú fífà bẹ́ẹ̀ ní Jámánì ní 1854, nígbà tó ń wo bí iná mànàmáná tó ṣẹ́kù nínú ìgò Leyden, ìyẹn ìgò gíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú iná nígbà náà, ṣe ń dín kù. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ fi ń rí ìlà tó ń fà yìí nínú oríṣiríṣi ohun, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ pín sí méjì. Ẹ jẹ́ ká wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó dúró sókè afárá, tó kàn ń ka iye ọkọ̀ tí kò tíì kúrò lójú kan, lè rí i pé iye náà ń dín kù, tí ìparí rẹ̀ sì ń fà. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ ló ń sún síwájú tó tún ń fà sẹ́yìn bákan náà. Ó sì lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ń já geere, òmíràn kò sì mira. Iye tó ń kà kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún un. Ohun tó lè sọ ọ́ ni pé kí ó kọ nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ tí kò kúrò ní wákàtí àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ó wá máa ṣọ́ àwọn yẹn nìkan. Bí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò ṣe bí gbogbo ọkọ̀ yòókù láti ìgbà náà lọ. Bí ìkejì bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò ṣì máa falẹ̀ ju gbogbo ọkọ̀ yòókù lọ.

Báwo la ṣe ń kọ nọ́ńbà mólékù sílẹ̀? Ibí yìí ni òòfà àti ìgbì rédíò ti wúlò. Nicolaas Bloembergen, Purcell àti Robert Pound ti fi hàn ní 1948 pé bí kóró átọ̀mù ṣe ń tètè padà sípò lẹ́yìn tí ìgbì bá ti rú u sókè rọ̀ mọ́ bí mólékù ṣe ń yí. Gílísírììnì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, olómi tó ń ki sí i bí ó ṣe ń tutù. Ṣùgbọ́n ìyára gbogbogbòò ni ọ̀nà tiwọn ń sọ, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń fi díútéríọ́ọ̀mù, ìyẹn háídírójìn tó wúwo ní ìlọ́po méjì, rọ́pò háídírójìn lásán nínú mólékù. Kóró díútéríọ́ọ̀mù kò fi ibi tó kọjú sí pamọ́. Bí ìdè tó so ó mọ́ kábọ̀nù bá kọjú sí ibi tí òòfà kọjú sí, ó ní ìkànnì tí yóò ti dáhùn. Bí ìdè náà bá dábùú òòfà, ìkànnì mìíràn ni. Ìyàtọ̀ àárín àwọn ìkànnì náà lè ju mímì 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, mólékù tó bá yí ti pààrọ̀ ìkànnì rẹ̀ nìyẹn. Erwin Hahn ló fi ohun tó kù kún un ní 1950. Ó rí i pé bí a bá rán ìgbì náà ní ìdìpọ̀ kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn tó ti parẹ́ lè padà wá bí gbohùngbohùn. Ìdìpọ̀ ìgbì tó kọ́kọ́ wọlé á sàmì sí ibi tí mólékù kọjú sí. A ó wá dúró, ó lè jẹ́ fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó sì lè jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, ìdìpọ̀ ìkẹyìn á bi í pé ṣé ibẹ̀ náà ló ṣì kọjú sí. Mólékù tó bá ti yí kò ní sí nínú gbohùngbohùn tó padà wá. Àwọn tí kò kúrò lójú kan nìkan ni a óò gbọ́.

Ní ìlú Mainz ní Jámánì, ní ilé ìwádìí Max Planck fún ìmọ̀ pólímà, Klaus Schmidt-Rohr àti Hans Wolfgang Spiess so irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀ ní 1991. Ohun tí wọ́n lò ni polyvinyl acetate, pólímà tí wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó, wọ́n sì ń tẹ́tí sí kóró kábọ̀nù 13 tó wà lára rẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí asẹ́, ó yọ àwọn tí kò tíì yí sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò kejì wo ohun tí àwọn àṣàyàn wọ̀nyí ń ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n rí i pé àwọn tó fà sẹ́yìn nígbà àkọ́kọ́ ṣì ń falẹ̀ ju gbogbo yòókù lọ. Hans Sillescu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Mainz ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú díútéríọ́ọ̀mù lórí ortho-terphenyl, wọ́n sì gbé e jáde ní 1996. Mólékù kékeré ni èyí, òrùka bẹnsíìnì mẹ́ta tó so pọ̀. Ó ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 56, ṣùgbọ́n bí a bá fìṣọ́ra mú un tutù, kì í tò, ó di nǹkan bí ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo kí ó tó di gíláàsì. Ohun kan náà ni wọ́n rí. Mo ka àyẹ̀wò kejì yìí sí pàtàkì gan-an, nítorí pé pólímà gùn bí okùn, ẹnikẹ́ni sì lè sọ pé ìdílọ́lùú okùn ló fa ìyàtọ̀ tí wọ́n rí nínú gọ́ọ̀mù. Ortho-terphenyl kò ní okùn kankan tó lè lọ́ mọ́ra, síbẹ̀ àwọn mólékù rẹ̀ pín sí ayára àti afàsẹ́yìn.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni bí yóò ṣe pẹ́ tó kí afàsẹ́yìn tó di ayára. Bí ó bá jẹ́ pé títí láé ni, a jẹ́ pé olómi náà ti pín sí oríṣi ohun méjì nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì di òmíràn. Ikọ̀ Spiess tún fi àkókò ìdúró kan sáàárín asẹ́ àti àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e, wọ́n ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí àwọn àṣàyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí gbogbo ẹgbẹ́. Ní 1995, wọ́n rí i pé ìrántí náà kì í pẹ́: láàárín nǹkan bí àkókò tí mólékù fi ń yí, ó ti lè kúrò ní ẹgbẹ́ afàsẹ́yìn bọ́ sí ẹgbẹ́ ayára. Mark Ediger ní Yunifásítì Wisconsin gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi mólékù aró sínú ortho-terphenyl, ó fi ìmọ́lẹ̀ lésà pa àwọ̀ lára díẹ̀ nínú wọn, ó sì ń ṣọ́ àwọn tó kù. Nítòsí ibi dídi gíláàsì gan-an, ó rí i pé ìrántí náà gùn ju àkókò yíyí lọ fíìfíì. Àwọn kan rí ìjà nínú àbájáde méjèèjì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Mólékù aró kì í ṣe ara ilé, àlejò ni nínú olómi náà, ìwọ̀n ooru tí Ediger sì ti ṣiṣẹ́ sún mọ́ ibi dídi ju ti àwọn ará Mainz lọ. Lórí kókó tó ṣe pàtàkì, ẹnu wọn kò yàtọ̀: ìyára kò dọ́gba, àìdọ́gba náà kì í sì í ṣe títí láé.

NMR lè yan àwọn tó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀ kò sọ ibi tí wọ́n wà. Ṣé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fọ́n káàkiri, àbí wọ́n kóra jọ ní agbo? Ní 1998, ikọ̀ Spiess rí ọgbọ́n dá sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yan àwọn afàsẹ́yìn inú gọ́ọ̀mù náà, wọ́n jẹ́ kí ipò òòfà kékeré tó wà lára wọn máa ran àwọn háídírójìn aládùúgbò. Bí agbo náà bá tóbi, yóò pẹ́ kí ó tó ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ayára. Bí ó bá kéré, kíá ni. Ìwọ̀n tí wọ́n rí jẹ́ nǹkan bí nánómítà 3, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan. Nínú gílísírììnì, ohun tí wọ́n rí ní 2001 kò ju nǹkan bí nánómítà kan lọ, ìyẹn ni pé mólékù bíi méjì sí mẹ́ta ló fẹ̀ mọ. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní pé a lè fi ìgbì tó gùn tó mítà 3 wọn agbo tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ẹ̀rọ tí etí rẹ̀ kò mú tó yìí, ṣé ó yẹ ká gbà á gbọ́? Òótọ́ ni pé etí NMR kò mú. Nínú òòfà 7 tẹ́sílà ní ìwọ̀n ooru inú ilé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye kóró háídírójìn tó kọjú síbi tí òòfà kọjú sí àti iye àwọn tó kẹ̀yìn sí i jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 100,000. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan la ń gbọ́, nítorí náà irú ẹ̀rọ yìí kò lè gbọ́ mólékù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò nílò mólékù kan ṣoṣo. Ó nílò ká lè ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ nípasẹ̀ ohun tó ti ṣe sẹ́yìn, ká sì tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Fífi díútéríọ́ọ̀mù rọ́pò háídírójìn náà kò sọ mólékù di àjèjì: gígùn rẹ̀, ìrísí rẹ̀ àti bó ṣe ń fa àwọn yòókù mọ́ra fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Ẹni tó bá tún sọ pé kọ̀ǹpútà lè ya gbogbo ìrìn yìí láìsí òòfà kankan, mo gbà pé kọ̀ǹpútà ti fi àwọn agbo ayára àti afàsẹ́yìn hàn wá dáadáa, ní àwòrán tí NMR kò lè yà. Àmọ́ àkókò tí ó sábà máa ń tẹ̀lé wọn dé kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ, tàbí díẹ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé gíláàsì gidi ń lo 100 ìṣẹ́jú àáyá. Àárín méjèèjì jìnnà síra púpọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni òòfà ti ń gbọ́ràn.

Àtakò tí mo sábà máa ń gbọ́ jù lọ ni ti fèrèsé. Bí mólékù bá ṣì ń mira nínú gíláàsì, wọ́n ní, a jẹ́ pé òótọ́ ni pé fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù ń ṣàn wálẹ̀, tí ìsàlẹ̀ wọn fi nípọn ju òkè lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Edgar Zanotto ní ìlú São Carlos ní Bràsíìlì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1998, ó sì fi hàn pé ní ìwọ̀n ooru inú ilé, àkókò tí gíláàsì fèrèsé yóò fi ṣàn gùn ju ọjọ́ orí gbogbo àgbáyé lọ. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n po gíláàsì bí ti Westminster Abbey tí wọ́n sì wọn kíki rẹ̀, rí i pé ó rọ̀ ju bí Zanotto ti rò lọ, síbẹ̀ kò lè ṣàn ju nǹkan bí nánómítà kan lọ láàárín bílíọ̀nù ọdún. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ gíláàsì ayé àtijọ́ ṣe ń ṣe é ló jẹ́ kí ó nípọn lápá kan. Àwa náà ní ẹ̀rí nílé. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n wà jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì ní èyí tó ju 500 ọdún sẹ́yìn, kò tíì tẹ́ pẹrẹsẹ. Yíyípo rẹ̀ àti ojú ihò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mímira tí mo ń sọ yàtọ̀ sí ṣíṣàn. Gyan Johari àti Martin Goldstein ti fi hàn ní 1970 pé ìrìn kékeré kan máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí gíláàsì bá ti le tán, kódà nínú àwọn mólékù tí kò ní apá kankan tó lè dá jù. Àwọn kan rò pé ìwọ̀nba mólékù tó bọ́ sí àyè tó fẹjú ló ń ṣe é. Ernst Rössler àti Michael Vogel ní Bayreuth fi díútéríọ́ọ̀mù yẹ toluene wò, èròjà tó wà nínú tínà àwọn tó ń kun ọkọ̀, tó ń di gíláàsì ní nǹkan bí ìwọ̀n 156 sísàlẹ̀ òdo. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo mólékù ló ń mira, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni, wọ́n ń mì lójú kan láìyí padà. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò lè gbé fèrèsé sọ̀kalẹ̀.

Ìrìn mólékù nínú gíláàsì kò lè ba ìlẹ̀kẹ̀ kankan jẹ́, rárá o, ṣùgbọ́n ó lè ba oògùn jẹ́. Ọ̀pọ̀ oògùn ìgbàlódé ni kì í fẹ́ yọ́ nínú omi ikùn nígbà tí mólékù rẹ̀ bá tò lẹ́sẹẹsẹ. Ní 1998, oríṣi kírísítà tuntun, ìyẹn mólékù tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí kò fẹ́ yọ́ ṣàdédé yọjú nínú kápúsù ritonavir, oògùn àwọn tó ní kòkòrò HIV, débi pé wọ́n kó kápúsù náà kúrò lọ́jà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n po ritonavir àti oògùn HIV mìíràn, lopinavir, mọ́ pólímà, wọ́n yọ́ wọn pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àpòpọ̀ náà le di gíláàsì nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tábúlẹ́ẹ̀tì náà ní 2005. Kápúsù lopinavir àti ritonavir tó ṣáájú rẹ̀ ń fẹ́ fíríìjì. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ ẹ, ìyẹn sì jẹ́ ìtura ńlá ní ilẹ̀ tí ooru ti mú, tí iná mànàmáná kì í dúró. Gíláàsì oògùn ní ọ̀tá méjì, ooru àti ọ̀rinrin. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ ìgbà òjò máa ń fún àwọn mólékù ní àyè láti rìn, àwọn tó bá sì rìn lè bá ara wọn pàdé kí wọ́n tò. Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹ̀rí Mainz sí ohun tó kàn wá. Ìwọ̀nba mólékù díẹ̀ tó ṣaájú tò ló ń bẹ̀rẹ̀ kírísítà, kò dúró de gbogbo yòókù. Ẹni tó bá fi ìyára gbogbogbòò nìkan ṣe ìṣirò iye ọdún tí tábúlẹ́ẹ̀tì yóò lò lórí àtẹ ní Ìbàdàn tàbí ní Kùtọnu lè ka afàsẹ́yìn mọ́ ayára, bẹ́ẹ̀ àwọn ayára ló yẹ kó bà á lẹ́rù. Àwọn tó ń ṣe oògùn ti ń gbé irú tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sínú òòfà báyìí, láìfi díútéríọ́ọ̀mù kankan sí i. Wọ́n ń wo bí háídírójìn oògùn àti háídírójìn pólímà ṣe ń padà sípò lẹ́yìn ìgbì. Bí méjèèjì bá ń padà láàárín àkókò kan náà, oògùn àti pólímà ti wọra dé ìwọ̀n nánómítà. Bí àkókò wọn bá yàtọ̀ síra, oògùn náà ti ń kóra jọ sọ́tọ̀ nìyẹn, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí nǹkan kan lára tábúlẹ́ẹ̀tì.